Orúkọ Kan Ṣoṣo fún Ẹ̀rọ Mọ́kànlélógójì

Mọ́kànlélógójì. Iye tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì, tí wọ́n fọ́n káàkiri láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Abẹ́òkúta àti Èkó, ni wọ́n ń gba orí wáyà tẹlifóònù wọ inú ráútà tí ó wà ní ìkáwọ́ mi. Orúkọ kan ṣoṣo àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo sì ni wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lò. Mo kọ iye náà sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wa. Ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ìwé yìí kò gbọdọ̀ jáde." Ìwé náà kò jáde. Ènìyàn ni wọ́n lé jáde dípò rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ẹrẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí léèrè bóyá iṣẹ́ yìí ṣeé fi ṣe ìgbésí ayé, ẹ jókòó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìntì, Ṣàgámù ni mo sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé: mo ka físíìsì ní yunifásítì, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Oògùn òyìnbó ni ilé-iṣẹ́ wa ń kó fún àwọn ilé ìwòsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n pinnu pé kí gbogbo ẹ̀ka máa fi kọ̀ǹpútà bá Ṣàgámù sọ̀rọ̀: oògùn wo ló kù, èwo ló ti bàjẹ́, èwo ni a dá dúró tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó jáde. Ráútà ni ẹ̀rọ tí ó dúró ní oríta fún gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Òun ló ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá àti ibi tí yóò gbà. Ẹ̀rọ tó bá wà lọ́nà jíjìn tó sì fẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà ráútà ni yóò kọ́kọ́ dúró sí. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi mí ṣọ́.

Yàrá ráútà wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi níbẹ̀. Nítorí àwọn ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kò kan èmi tí mo ń wọ ṣúẹ́tà nínú oòrùn Ṣàgámù. Bí iṣẹ́ mi bá dára, ẹnikẹ́ni kì í yà síbẹ̀, nítorí kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, ìbínú ló gbé e wá. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ohùn tí mo gbọ́ nínú yàrá náà kò ju tèmi lọ, níbi tí mo ti ń ka nọ́ńbà sókè fún ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, kó wá òmíràn lọ.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ẹnjiníà Ṣódípẹ̀, ọmọ àdúgbò Mákùn ní Ṣàgámù, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí tẹlifóònù kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa. Ó ga, ó gbẹ, ẹ̀rín rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí ohun tí mo kà, kò pè mí ní orúkọ mi rí. Físíìsì ló ń pè mí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó mú mi dúró níwájú ráútà.

"Físíìsì, ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, kí ló máa ń wí?"

"Ó máa ń ní àgò, sà."

"Kí lẹ máa ń bi í?"

"A máa ń ní, ta nìyẹn?"

"Tó bá ní, èmi ni, ńkọ́?"

"Màmá mi máa ń ní, ìwọ ta?"

"Ó dáa. Yunifásítì kò rí ọ kọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ gbìyànjú. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìbéèrè ìyá rẹ lọ."

Ohun tí ó sì kọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́nà jíjìn ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní àṣírí tirẹ̀ tí ẹ̀rọ kejì kò mọ̀. Bí ẹ̀rọ Ìkẹ́nnẹ́ bá pè, ráútà á pa àlọ́ kan fún un, àlọ́ tuntun nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ náà á fi àṣírí rẹ̀, tí ẹni tó jókòó tì í tẹ̀ sínú rẹ̀, já àlọ́ náà, á sì dá èsì nìkan padà. Àṣírí fúnra rẹ̀ kò ní gba orí wáyà kọjá, nítorí náà ẹni tó bá lúgọ sí ìdí wáyà kò ní rí nǹkan jí. Lẹ́yìn èyí, ráútà á gé ìpè náà, òun fúnra rẹ̀ á sì pe nọ́ńbà tí a ti kọ sílẹ̀ fún Ìkẹ́nnẹ́ padà. Bí olè bá tilẹ̀ jí àṣírí Ìkẹ́nnẹ́, tó lọ ń fi pè láti Ìbàdàn, Ìkẹ́nnẹ́ ni ráútà yóò pè. Olè á wá máa wo tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tí wọ́n kọ̀. Ìlà tí ó kẹ́yìn nínú gbogbo àṣẹ ni pé: ẹni tí a kò dárúkọ, kí ó dúró síta.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Inú ìwé ni mo ń kọ àṣẹ wọ̀nyí sí, pẹ̀lú ọwọ́, tí mo ń kà wọ́n sókè fún un. Bí ìlà kan bá wọ́, ó máa ń fa ojú ìwé náà ya, á ní kí n tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Mo ti gboyè, mo rò pé ó ń fi mí ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹni tí kò bá tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ pa ẹlòmíràn lára kì í mọ ìdí tí ọ̀gá fi ń le.

Ní oṣù kẹrin ó fà mí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ráútà máa ń ka àṣẹ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìlà tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ni yóò gbọ́, kò ní wo ìyókù. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo kọ "kí gbogbo ènìyàn dúró síta" sókè pátápátá, kí n tó dárúkọ àwọn tí yóò wọlé. Gbogbo ẹ̀ka dúró síta láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹnjiníà kò pariwo. Ó gbé ìlà náà sọ̀kalẹ̀ sí àyè rẹ̀, kò gbà á ní ìṣẹ́jú méjì, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀ka mélòó lo tìlẹ̀kùn mọ́?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"O mọ ojú wọn?"

"Rárá, sà."

"Lọ mọ̀ ọ́n. Dé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí o sọ fún wọn pé ìwọ ni. Má sọ pé ẹ̀rọ ni. Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, ìwọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara rẹ gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé Ìkẹ́nnẹ́. Ọkùnrin kan tí a lè jẹ́ ẹgbẹ́ ló jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ obì. Mùsílíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìdílé olóbì ní Mákùn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń kó gbànja lọ sí Òkè Ọya.

"Ìwọ ni Ṣàgámù?" ni ó bi mí.

"Èmi ni. Èmi ni mo tìlẹ̀kùn mọ́ yín láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo rò pé wàá tóbi jù báyìí lọ. Ẹni tó dá gbogbo Rẹ́mọ dúró láti àárọ̀."

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni 'ẹ'? Ṣé mo ti ń hewú ni? Gba obì, jókòó. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ṣàgámù wá tọrọ àforíjì nítorí ìlà kan, ilẹ̀kùn kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́."

Láti ọjọ́ náà, Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ń pè é, Ṣàgámù ni òun náà ń pè mí. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi tẹlifóònù dán wáyà wò.

"Ṣàgámù, ṣé o jí?"

"Mo jí. Báwo ni láìnì rẹ?"

"Ó ń hó bí epo gbígbóná."

"Òjò àná ni. Jẹ́ kó gbẹ."

"Ìwọ náà jẹ́ kí ojú rẹ gbẹ. Ohùn rẹ bí ti ẹni tí wọ́n gbàgbé sí inú fìríìjì."

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo fi ń gbé ìyókù ọjọ́.

Ọmọ ìjọ Àdífẹ́ńtì ni mí. Láti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì títí di ìwọ̀ oòrùn Sátidé, èmi kì í fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ ìsinmi, ẹnì kan sì ní láti wo wáyà lọ́jọ́ Sátidé. Mùsílíù ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Sátidé rẹ, tèmi ni. Jímọ̀ mi, tìrẹ ni." Nígbà tí ó bá lọ kírun Jímọ̀, èmi ni mo ń dúró fún Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, òun ni yóò jókòó sí ẹ̀ka rẹ̀ tí yóò máa wo wáyà fún mi. Ẹnjiníà mọ̀, ó fi ẹnu lásán fọwọ́ sí i. Kò sí ìwé kankan. Báyìí ni a ṣe ń gbé ní Rẹ́mọ, ẹlẹ́sìn kan ń di àyè ẹlẹ́sìn kejì mú láìkọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ àìkọ-sílẹ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀.

Ẹnjiníà fẹ̀yìntì ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún náà. Ẹ̀rọ ọ̀nà jíjìn ti wá di mọ́kànlélógójì nígbà yẹn, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Pínńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tí ń tẹ orúkọ ẹ̀rọ tó wọlé àti aago tó wọlé sórí bébà gígùn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, bébà á sọ ẹni tó ṣe é.

Àṣìṣe wa bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ẹ̀pẹ́. Báyìí ni a ń pe àgbàlagbà tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ nínú Ṣàgámù níbí. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ṣì nígbà mẹ́ta, ráútà sì tì í síta. Ó wọ ọkọ̀ wá sí yàrá mi.

"Ìwọ lo ní kí ẹ̀rọ má jẹ́ kí n wọlé?"

"Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ni kò bá èyí tó wà níbí mu, sà."

"Ta ló fún mi ní ọ̀rọ̀ náà àti orúkọ tí mo ń fi wọlé?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n, sà."

"Bàbá mi sọ mí lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ìwọ ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wá tún mi sọ, mo sì gbàgbé orúkọ tí o sọ mí, o wá jẹ́ kí irin tì mí síta níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ráútà náà kò mọ àgbà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn olórí ẹ̀ka pé jọ, wọ́n ní ìwọ̀sí ni kí ọmọdé máa pín orúkọ àti àṣírí fún àgbà. Wọ́n ní kí a wá ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹ̀ka yóò jọ máa fi ṣe orúkọ àti àṣírí, ọ̀rọ̀ tí àgbà kan kò lè gbàgbé, tí kò sì ní rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n mú "Dúdúyẹmí."

Àlàjẹ́ alága ilé-iṣẹ́ wa ni. Àwọn ìyàwó ilé tí wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún un lórúkọ náà nígbà èwe rẹ̀, ó sì wá di ohun tí gbogbo ìlú fi ń kí i. Àwọn tí ń ta ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa a máa fi kí ọkọ̀ rẹ̀ tó bá ń wọlé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́sàn mọ̀ ni wọ́n ní kí n fi ṣe àṣírí ilé oògùn. Wọ́n tún ní kí n yọ pípè-padà kúrò, torí pé àgbà kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wá ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí mo ṣàlàyé ewu rẹ̀, ọ̀gá àgbà bi mí bóyá orúkọ alága ni mo ń bá jà.

Mo lè kọ̀. Kí ẹ mọ èyí. Mo kọ ìwé àtakò kan, nínú rẹ̀ ni iye mọ́kànlélógójì wà. Nígbà tí ó padà pẹ̀lú ìlà pupa, mo jókòó sídìí ráútà, mo sì fi ọwọ́ ara mi nu orúkọ mọ́kànlélógójì rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ kejì, ohun kan náà ni pínńtà ń tẹ̀ láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀: Dúdúyẹmí, Dúdúyẹmí, Dúdúyẹmí. Mo máa ń jókòó tì í, bí ẹni pé mo wà láàárín èrò tí gbogbo wọn gbé ìbòjú kan náà wọ̀.

Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọbẹ̀. Ní Sátidé kan, ẹnì kan gba orí wáyà wọlé. Àwọn àpótí oògùn ikọ́ ọmọdé kan wà tí a dá dúró nítorí pé oògùn inú wọn ti yí àwọ̀. Ẹni náà yí "dá dúró" padà sí "kó jáde". Ní ọjọ́ Ajé, àwọn olùtọ́jú ilé oògùn ka ohun tí kọ̀ǹpútà wí, wọ́n kó o jáde. Ọmọdé mẹ́ta ti mu ún kí àwọn nọ́ọ̀sì tó fura. Ọ̀kan nínú wọn lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wọn yè, mo dúpẹ́.

Ta ló ṣe é? Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni ibi, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tó tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ. Bébà pínńtà sọ aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ó sì sọ Dúdúyẹmí. Ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì ló lè jẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: níwọ̀n ìgbà tí ráútà kò pe ẹnikẹ́ni padà mọ́, gbogbo ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà, tẹlifóònù àti módẹ́ẹ̀mù tí ń so wọ́n pọ̀ ní Nàìjíríà ló lè jẹ́.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ gbé kalẹ̀ kò béèrè ìyẹn. Wọ́n béèrè pé ta ló wà níbi iṣẹ́ ní Sátidé náà. Mùsílíù nìkan ló nawọ́ sókè.

"Kí ló gbé ọ débẹ̀? Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ."

"Mo wá wo láìnì ni, sà."

"Ta ló rán ọ?"

Ó wò mí. Mo jókòó ní ìpẹ̀kun tábìlì. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ àdéhùn wa, iṣẹ́ tèmi náà lọ, nítorí kò sí ìwé tó fọwọ́ sí i, Ẹnjiníà sì ti kúrò. Ó yí ojú kúrò lára mi.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

Wọ́n wá kọjú sí èmi, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wọn. "Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan gba Ìkẹ́nnẹ́ wọlé láti ṣe ohun yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ṣeé ṣe."

Ìdajì kejì gbólóhùn náà kù sí mi lẹ́nu: ó sì ṣeé ṣe láti ibi gbogbo mìíràn. Ẹ̀dà ìwé tó ní iye yẹn wà nínú àpò mi. Èmi tí wọ́n ti fa ìwé mi ya fún oṣù mẹ́ta nítorí ìlà tí kò pé, mo sọ ìdajì òtítọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣe odidi. Ìdajì òtítọ́ ló burú ju irọ́ lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè já a.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí àgbàlá, wọ́n ka ìwé ìléniníṣẹ́ Mùsílíù sókè. Wọ́n ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú oògùn tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tẹlifóònù yàrá mi kò dún. Ẹlòmíràn ti wà ní Ìkẹ́nnẹ́, kò sì rí ìdí tí yóò fi máa bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tó kù nínú iṣẹ́ ayé mi kò gùn ní sísọ. Láàárín oṣù mẹ́fà, láìgba àṣẹ, mo dá orúkọ padà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí mo fi àṣírí náà sínú àwọn ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kí àwọn àgbà máa tẹ Dúdúyẹmí sórí ojú ìwé kan lójú kọ̀ǹpútà tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Módẹ́ẹ̀mù tí mo lè fi ìhó rẹ̀ mọ irú àìsàn tó ń ṣe é kógbá sílé. Àwo ńlá tí ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ dé sórí òrùlé, lẹ́yìn rẹ̀ wáyà gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ọwọ́ wọn to ráútà láti orí ibùsùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fi sínú rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ayé, ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ti yí padà. Ọ̀lẹ kò yí padà.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé ọ̀wọ̀ àgbà ló fà á, pé àṣà wa ni. Mo kọ̀ ọ́. Nígbà tí Ọ̀fin àti Mákùn àti Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìlú yòókù parapọ̀ di Ṣàgámù, èwo nínú wọn ló sọ orúkọ rẹ̀ nù? Olúkúlùkù gbé orúkọ rẹ̀ wá. Títí di òní olúkúlùkù mọ ọmọ ibi tí òun jẹ́. Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀wọ̀ nínú ìpàdé yẹn, ìbẹ̀rù ni. Ìbẹ̀rù pé bébà lè sọ ẹni tó ṣe nǹkan. Orúkọ tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò ní alágbàwí ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì ni mo tó ní ìgboyà láti lọ sí agbo ilé wọn ní Mákùn. Mùsílíù jókòó sí iwájú ilé, ó ń ṣa gbànja, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ obì kọ̀ọ̀kan wò.

"Ṣàgámù," ni ó wí kí n tó sọ̀rọ̀. "Ìrìn rẹ ni mo fi mọ̀ ọ́. Ojú yìí kò ríran dáadáa mọ́."

"Ìkẹ́nnẹ́, mo wá tọrọ àforíjì."

"Lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà àkọ́kọ́, o tètè dé."

Ó na obì kan sí mi.

"Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olùtọ́jú ẹrù mọ́ṣáláṣí," ni ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnì kan sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ pé, ṣé kì í ṣe òun ló tú oògùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ? Mo yọ ara mi kúrò kí wọ́n má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tijú."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi bà mí jẹ́. Ìwé ni kí wọ́n fi tún mi ṣe. Dókítà sọ pé ojú kan ti lọ, èkejì ń lọ. Mo fẹ́ fúnra mi kà á."

Ẹ̀yin olùdarí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín, ẹ kò fèsì. Àwọn tó jókòó sórí àga yẹn nígbà náà ti lọ, ẹ̀yin lẹ jogún àga, ẹ̀yin náà lẹ jogún gbèsè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bébà pínńtà ọjọ́ Sátidé náà wà nínú àpótí ìwé yín. Ìwé mi tó ní ìlà pupa wà níbẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣí wọn. Ẹ fagi lé ìwé ìléniníṣẹ́ Mùsílíù. Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀rí kankan tó mú un, pé nítorí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dárúkọ òṣìṣẹ́ náà. Èmi ni. Ẹ kà á sókè ní àgbàlá yẹn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, n ó dúró níbi tí wọ́n ti lè rí ojú mi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé náà lọ sí Mákùn, kí ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yára, kí ó má baà di pé ẹlòmíràn ni yóò kà á sí i létí.